Òkè tí a ń kọjá lọ: Nok, Matsirga àti Kagoro

   Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Kàdúná, mo mọ̀ pé àwọn tó kàwé jù mí lọ pọ̀ níbí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà tí mo fi bọ́ sọ́jà, nítorí náà tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí ẹ tọ́ mi sọ́nà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí n tó gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn òkè tó wà ní gúúsù Kàdúná, tí púpọ̀ nínú wa máa ń kọjá tí a bá ń lọ sí Kafanchan tàbí Jos. Mo fẹ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀ tó yẹ kéèyàn lọ fi ojú rí, mo sì fẹ́ sọ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀. Tí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ máa rí i pé ìtàn tiwa náà wà nínú rẹ̀.

Ata ilẹ̀ ni mo ń tà, ohun tí Hausa ń pè ní citta. Láti 1994 ni mo ti ń lọ rà á ní Kachia àti Kwoi. Ẹ̀yin tí a jọ wà nínú òwò yìí mọ̀ pé oríṣi méjì ló wà: tafin giwa, ìyẹn ẹsẹ̀ erin, èyí tó sanra tí inú rẹ̀ pọ́n, àti yatsun biri, ìyẹn ìka ọ̀bọ, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì dúdú díẹ̀. Tí mo bá ti wọ mọ́tò ní Kàdúná láàárọ̀, tí a bá ti kọjá Kasuwan Magani, oorun ni mo máa ń sùn. Òkè á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òkè á wà lọ́wọ́ òsì. Lójú tèmi, òkúta lásán ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni iye tí wọ́n máa dá lé àpò kan. Àwọn àgbà ní àlejò a máa lójú, kì í fi í ríran. Bí tèmi ṣe rí gan-an nìyẹn.

Baba kan wà ní Kwoi tí mo máa ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú mi síbẹ̀, ilé rẹ̀ ni mo ń sùn. Lọ́jọ́ kan ní 2016, a jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan wá béèrè pé ta ni mí. Mo fi Hausa dá a lóhùn pé èmi ni mo ń bá àwọn Jaba ṣòwò láti ìgbà tí wọn ò tíì bí i. Baba bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bayarabe, ó ti ju ogún ọdún lọ tí o ti ń jẹun nílé mi, o ò tíì mọ orúkọ wa. Ham ni wá. Jaba ni àwọn ẹlòmíràn ń pè wá." Ó tún bi mí pé, "Ṣé o ti dé Nok rí?" Mo ní rárá. Ó ní, "Àwọn òyìnbó ń ti Jámánì wá síbẹ̀. Ìwọ tí o ń wá síbí láti ọjọ́ yìí, o ò dé ibẹ̀ rí."

Ojú tì mí. Àwa tí a máa ń sọ pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Mo ní, "Baba, lọ́jà tó ń bọ̀ a jọ máa lọ." Ọjà tó ń bọ̀ yẹn ò dé mọ́. Lónìí òjò ni, lọ́la ọ̀nà ò dára, lọ́jọ́ mìíràn ọjà ti yá, mo ní láti tètè padà. Ní 2021 ni Baba kú. Ọjọ́ kejì ìsìnkú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá mú mi lọ sí Nok.

Nok kì í ṣe ìlú ńlá. Abúlé ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Jaba, kò jìnnà sí Kwoi, òkè àti àpáta ló yí i ká. Lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀, wọ́n sá ata ilẹ̀ tí wọ́n ti là sí orí àpáta pẹrẹsẹ kan kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Mo kàn ń wò ó ni. Irú rẹ̀ ni mo ti ń dì sínú àpò láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì bi ara mi rí pé níbo ló ti ń gbẹ.

Ohun tó sọ Nok di olókìkí, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Láyé òyìnbó, wọ́n ń wa kùsà káàkiri agbègbè yẹn, wọ́n ń wá irin tí wọ́n fi ń ṣe agolo. Ní 1928, ọ̀kan nínú àwọn tó ni kùsà náà, John Dent Young, rí ère kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ ní Nok. Wọ́n gbé e pamọ́, kò sí ẹni tó ka nǹkan náà sí púpọ̀. Ní 1943, wọ́n tún rí orí ère kan nítòsí Jemaa. Ẹni tó rí i gbé e lọ sí oko iṣu, ó gbé e ka orí igi kí ó máa lé ẹyẹ. Ó tó ọdún kan tó fi wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, orí tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, ẹyẹ ló ń lé nínú oko! Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí Jos fún òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bernard Fagg, òṣìṣẹ́ ìjọba tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun àtijọ́. Òun ló rí i pé orí yìí àti ti 1928 jọra. Ó wá bẹ àwọn awakùsà pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n má fọ́ ọ, kí wọ́n gbé e wá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó púpọ̀ jọ, orúkọ Nok sì ni wọ́n fi pe gbogbo rẹ̀. Ilé ohun àtijọ́ tó wà ní Jos, tí wọ́n ṣí ní 1952, ibẹ̀ ni wọ́n kó wọn sí.

Tí ẹ bá rí ère Nok kan, ẹ ò ní ṣì í mọ̀. Ojú rẹ̀ á rí bí onígun mẹ́ta, wọ́n á dá ihò sí àárín ẹyinjú. Irun á wà ní dídì tàbí ní gígẹ̀ oríṣiríṣi, ìlẹ̀kẹ̀ á wà lọ́rùn. Láti 2005 ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Frankfurt ní Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti tó nǹkan bíi 1500 ọdún ṣáájú ìbí Jésù tí àwọn ènìyàn Nok ti wà ní agbègbè náà, àti pé láàárín 900 sí 400 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ère wọ̀nyẹn. Wọ́n mọ bí a ti ń yọ́ irin pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká fi wé tiwa. Àwọn orí tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí gbogbo wa fi ń yangàn, àwọn ọ̀mọ̀wé ní láàárín 1100 sí 1500 lẹ́yìn ìbí Jésù ni wọ́n ṣe wọ́n. Nígbà náà, ti Nok ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn kan fẹ́ so méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì rí okùn tó dájú tó so wọ́n. Bákan náà, kò sí ẹ̀rí tó dájú pé àwọn Ham tòní ni ọmọ àwọn tó mọ ère náà. Èmi ò wá sọ pé ẹnì kan ló bí ẹnì kejì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilẹ̀ tí a rò pé kò ní ìtàn, ìtàn rẹ̀ ti wà kí tiwa tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣeni láàánú pé láti bíi 1990 síwájú, àwọn olè wú púpọ̀ nínú ère yìí, wọ́n tà á sí òkè òkun. Nítorí náà tí ẹ bá dé ibẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá gbé amọ̀ wá pé kí ẹ rà, ẹ má dá a lóhùn. Ohun tó wà níbẹ̀ láti wò ni abúlé náà, àpáta rẹ̀, oko acha àti ata ilẹ̀, àti àwọn àgbà tó lè sọ̀rọ̀. Tó bá sì jẹ́ àsìkò Àjíǹde, àwọn Ham máa ń ṣe ọdún wọn ní Kwoi, Tuk-Ham ni wọ́n ń pè é.

Láti ibẹ̀ a padà sí ọ̀nà Kafanchan. Kí ènìyàn tó wọ Kafanchan láti Zonkwa, ó máa kan Madakiya, ilẹ̀ àwọn Bajju. Hausa ń pè wọ́n ní Kaje, ṣùgbọ́n Bajju ni wọ́n ń pe ara wọn. Tòsí ibẹ̀ ni omi Matsirga ti ń já bọ́ látorí àpáta. Orí òkè Kagoro ni orísun odò náà wà. Ibi tó ti ń já bọ́ yẹn ga tó nǹkan bíi mítà 25 sí 30. Ẹ̀yin tó ti dé Erin-Ìjẹ̀ṣà, tí ẹ mọ Olúmirìn, ẹ mọ irú ariwo tí mò ń sọ. Lásìkò òjò, omi náà á pọ̀, ìrì rẹ̀ á máa ta sí yín lára láti òkèèrè. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń dín kù, ó máa ń pín gba ojú àpáta bíi mélòó kan, ènìyàn sì lè sún mọ́ ọn. Àpáta ibẹ̀ ń yọ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ etí omi, ẹ má sì bẹ́ sínú rẹ̀.

Tí a bá kọjá Kafanchan tí a kọjú sí Jos, Kagoro ló kàn. Gworok ni àwọn onílùú ń pè é. Ìlú náà wà ní ẹsẹ̀ òkè gan-an. Òkè náà dúró bí ògiri, ewéko bò ó, ìsun omi sì ń ti ara rẹ̀ jáde. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Afan níbẹ̀. Ọdún ọdẹ ni láyé àtijọ́. Ní báyìí, ọmọ Kagoro tó wà níbi gbogbo ló ń wálé fún un, ìlù àti ijó á gba ojú pápá. Ọba wọn kan wà, Gwamna Awan, tó gorí oyè ní 1945 tó sì wà lórí rẹ̀ títí di 2008 tó wàjà. Ọdún 63 nìyẹn.

Kí ló dé tí ìlú yìí fi lẹ̀ mọ́ òkè bẹ́ẹ̀? Níbí ni ìtàn ti wọlé. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn ogun jìhádì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804, àwọn ẹlẹ́ṣin láti Zaria àti Jemaa máa ń wá kó àwọn ènìyàn agbègbè yìí lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹṣin ò lè gun àpáta. Nítorí náà òkè ni àwọn ènìyàn sá gùn, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá oko. Òkè ni odi wọn. Ìgbà tí òyìnbó gba ìlú tí wíwá ẹrú sì dáwọ́ dúró ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ yìí bá Hausa tàbí Fúlàní aládùúgbò rẹ̀ jà. Mi ò kọ ọ́ nítorí ìyẹn. Àwa náà ṣe é. Àwọn Ìbàdàn kó Ìjàyè, wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ ni Èkìtì lára títí ogun Kírìjì fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, ogun tí kò tú ká tán títí di 1893. Ta ló ń kó ènìyàn nígbà náà? Yorùbá. Ta ni wọ́n ń kó? Yorùbá. Níbo ni àwọn tiwa sá sí? Òkè náà ni. Ní 1830, nígbà tí ogun lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní ilé wọn, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sábẹ́ òkúta Olúmọ, Abẹ́òkúta sì dé. Àwọn Ìbàdàn fúnra wọn ń bọ Òkèbàdàn lọ́dọọdún, torí òkè gbà wọ́n nígbà tí ìyà ń jẹ wọ́n. Àwọn Ìdànrè gbé orí òkè tiwọn títí di ayé òyìnbó. Ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé ṣì wà lókè níbẹ̀ dòní, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ènìyàn máa gùn kó tó dé ibẹ̀. Ohun tí Olúmọ jẹ́ fún Ẹ̀gbá ni òkè Kagoro jẹ́ fún Gworok. Kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Ẹ wá wo bí àwa ṣe dé. Reluwé láti Èkó gba Kàdúná lọ sí Kano, ó dé Kano ní 1911. Ní 1926, ọ̀nà reluwé tó ti Port Harcourt bọ̀ dé Kàdúná, ojú ọ̀nà yẹn ni Kafanchan wà. Ní 1927 wọ́n ya ẹ̀ka láti ibẹ̀ lọ sí Jos. Reluwé yìí ló gbé àwọn baba wa wá, láti Ọ̀ffà, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìjẹ̀bú. Bàbá tèmi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri, èyí tí wọ́n ṣí ní 1957. Kàdúná yìí gan-an, ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni kí òyìnbó tó sọ ọ́ di olú ìlú. Àwọn ni ẹ máa ń rí tí wọ́n ń ru ẹrù sí èjìká. Wọn kì í gbé e lé orí, torí orí ni olórí ara lójú tiwọn. Àwa Yorùbá tó ń bọ orí, ṣé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ?

Nígbà tí àwọn baba wa dé, kò tíì pẹ́ rárá tí àwọn ará òkè sọ̀ kalẹ̀. A bá wọn lóko, a rò pé oko ni wọ́n ti wà láti ilẹ̀. A gbọ́ tí wọ́n ń pè wọ́n ní arna, aláìmọ Ọlọ́run, a bá wọn pè é. Èmi náà ti lo ọ̀rọ̀ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù mi rí, mi ò ní purọ́. Kò sì yẹ kí n lò ó. Ní oṣù kejì ọdún 2000, nígbà tí Kàdúná gbóná, ọmọ Kagoro kan tó jẹ́ aládùúgbò wa ló fi èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì pamọ́ sí yàrá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò bi mí léèrè ìlú tí mo ti wá. Láìpẹ́ yìí ni mo tó ronú kàn án pé bóyá ẹni tí àwọn baba rẹ̀ ti sá gun òkè rí mọ ohun tí ibi ìsádi jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibẹ̀, ká sì mú àwọn ọmọ wa dání. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ohun àtijọ́ tó wà ní Ali Akilu Road níbí ní Kàdúná. Ère Nok wà níbẹ̀, ẹ ò ní náwó ọkọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá fẹ́ lọ sí òkè, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà gan-an. Gbogbo wa mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Ilé olódi tó wà lórí òkè Kajuru, tí ará Jámánì kan kọ́, tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n pa ènìyàn méjì níbẹ̀ ní 2019. Ẹ lọ ní ọ̀sán, ẹ má dá lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú yín sójú ọ̀nà. Tí ẹ bá dé abúlé, ẹ kọ́kọ́ kí olórí ibẹ̀. Ẹ bẹ ọ̀dọ́ ìlú kí ó mú yín káàkiri, kí ẹ sì fún un ní nǹkan. Ẹ gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe ara wọn, kí ẹ sì máa fi orúkọ yẹn pè wọ́n.

Ní 2023, àrùn wọ inú ata ilẹ̀ ní gúúsù Kàdúná, oko jẹrà. Owó mi lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn àgbẹ̀ ju tèmi lọ. Ọmọ Baba tó mú mi lọ sí Nok pè mí lórí fóònù. Kò tọrọ owó. Ó kàn ní kí n mọ̀ pé òun ò ní lè san ọjà tí mo ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kó fi ọkàn balẹ̀, a ó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ká ní kí n tó dé Nok ni, ìjà là bá jà.

Ní January tó kọjá mo kó ọmọ mi méjì lọ sí Kagoro fún Afan. Kàdúná ni wọ́n bí wọn sí. Bí a ṣe ń padà bọ̀, èyí àbúrò bi mí pé, "Dádì, ṣé àwa náà ní òkè tiwa?" Mo sọ ìtàn Olúmọ fún un, ó ní òun fẹ́ rí i. Mo ti ṣèlérí fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ sọ pé ó di ọjà tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé àwọn òkè yìí, ẹ bá wa sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé baba yín wá pẹ̀lú reluwé, ẹ sọ tiyín náà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọ̀nà wa dára, á jẹ́ kí a jẹ́ àlejò rere, àlàáfíà á jọba ní Kàdúná. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé: Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ilé padà sí láyọ̀. Àṣẹ.